Bí A Ṣe Ń Dá Ejò Aláwọ̀ Ewé Tí Kò Lóró Mọ̀ Lórí Igi, Tí A Sì Ń Wo Ìgbésí Ayé Rẹ̀ Láìfọwọ́ Kàn Án

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ejò tí a bá rí lórí igi kì í sábà pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i á pariwo, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á gbé igi àti àdá, kí a sì tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, òkú ejò ti wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ irú ejò tí ó jẹ́. Lára àwọn tí a ń pa báyìí ni ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, tí ó ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ láti ọrùn dé nǹkan bí àárín ẹ̀yìn, tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń pè ní Philothamnus semivariegatus. Ejò yìí kò lóró. Ọmọńlé, alángbá, ọ̀gà àti àkèré ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ènìyàn bí kò ṣe pé ó fẹ́ sá fún un.

Andrew Smith, oníṣègùn ará Skọ́tílándì tí ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní gúúsù Áfíríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1840, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ fẹ̀ ju gúúsù Áfíríkà lọ. A ń rí i káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, níbi tí igi bá wà tí ilẹ̀ kò sì gbẹ jù. Ilẹ̀ ọ̀dàn àti ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn bá a lára mu ju àárín igbó kìjikìji lọ. Ó ní àwọn ìbátan tí wọ́n jọ ọ́ gidigidi. Philothamnus irregularis fẹ́ràn ẹ̀bá odò àti àbàtà, àkèré ni ó sì ń jẹ jù. Philothamnus heterodermus ní tirẹ̀ jẹ́ ejò inú igbó. Nǹkan bí ogún irú ni ó wà nínú agbo yìí, kò sì sí èyí tí oró rẹ̀ léwu fún ènìyàn nínú wọn. Ohun tí a bá kọ síhìn-ín nípa bí a ṣe ń wò ó bá gbogbo wọn mu dé ìwọ̀n púpọ̀, ṣùgbọ́n alámì dúdú yẹn ni a óò dì mú.

Òfin kan ni ó ṣáájú gbogbo ohun tó kù. Ejò aláwọ̀ ewé tí ẹ kò bá tíì dá mọ̀ dájúdájú, ejò olóró ni kí ẹ kà á sí, kí ẹ sì jìnnà sí i tó mítà mẹ́ta, ó kéré tán. Ojú ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, a kì í fi ọwọ́ ṣe é. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ èyí, ó sàn kí ó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àkókò àti ibi tí a ti lè rí i

Ọ̀sán ni ejò yìí ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣọdẹ. Àkókò tí ó dára jù láti wá a ni òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti mú orí ewé lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì mú ganrínganrín. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ ti ń ṣe é, nítorí náà ó ní láti yá oòrùn kí ara rẹ̀ tó lè yá sí iṣẹ́, ní àkókò yẹn ó sì máa ń wà ní ìta ewé ju inú lọ.

Ibi tí ọmọńlé àti alángbá bá pọ̀ sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: igi máńgòrò tí ẹ̀ka rẹ̀ fara kan ògiri, àwọn òdòdó tí a gbìn yí ilé ká tí wọ́n ti di igbó, ìdí ọparun, oko kòkó àtijọ́, àti ògiri ilé tí wọn kò kọ́ parí, tí koríko ti gùn ún. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìṣẹ́yìn kò nílò ìrìn àjò kankan. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè tó.

Ẹ má ṣe máa wá odidi ejò, nítorí ẹ kò ní rí i. Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa wá ni ohun tí kò bá ẹ̀ka yòókù mu. Ẹ̀ka igi a máa tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, ó sì máa ń ní oríkèé tàbí ewé lára. Ejò á gùn lọ tààrà láìyí padà ní sísanra, láìní oríkèé. Ó tún lè na apá iwájú ara rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ láìfara ti ohunkóhun, kí ó sì dúró báyìí fún ìgbà pípẹ́ láìmira. Èyí tí ó máa ń tú àṣírí rẹ̀ jù ni bí ó ṣe ń mi orí àti ọrùn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé atẹ́gùn ni ó ń fẹ́ ẹ, nígbà tí ara tó kù dúró gbọn-in. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lóòótọ́, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ewé gbogbo bá dákẹ́ tí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń mì, ẹ dúró níbi tí ẹ wà, kí ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ fetí sí àwọn ẹyẹ pẹ̀lú. Bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá péjọ sí ibì kan, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, tí wọ́n ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún láìkúrò níbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ lé lọ. Ó lè jẹ́ òwìwí, ó lè jẹ́ ológbò, ó sì lè jẹ́ ejò. Ẹ wo ibi tí ojú wọn kọ sí.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ràn, òun ni kí a wá a lálẹ́ nígbà tí ó bá ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò yìí á ká ara rẹ̀ jọ sí ìparí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ẹranko tí ó wúwo jù ú lọ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìmi ẹ̀ka náà. Bí ẹ bá tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ìsàlẹ̀, ikùn rẹ̀ tí ó mọ́ fẹ́ẹ́ á hàn láàárín ewé ju bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń hàn lọ́sàn-án lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tan iná sí ilẹ̀ kí ẹ tó gbé ojú sókè, kí ẹ sì wọ bàtà tí ó bo kókósẹ̀, nítorí ejò orí ilẹ̀ tí wọ́n lóró gidi, oká àti paramọ́lẹ̀, òru ni wọ́n ń jẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò

Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni ohun èlò tí ó dára jù. Bí kò bá sí, kámẹ́rà fóònù tí ó lè fa àwòrán súnmọ́ tòsí á ṣe é. Ẹ ya fọ́tò ná kí ẹ tó máa jiyàn, nítorí ejò náà kò ní dúró dè yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gígùn rẹ̀. Èyí tí ó ti dàgbà sábà máa ń gùn láti sẹ̀ǹtímítà 70 dé 100, èyí tí ó gùn jù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà 1.3. Ní sísanra, kò ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Nítorí náà, ejò ewé tí ó bá gùn tó mítà méjì kì í ṣe òun, kí ẹ tètè kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé a kò lè yí ẹ̀rí yìí po: pé ejò kúrú kò sọ pé kò lóró, nítorí kò sí màmbá, ejò olóró tí òun náà lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí kò kúrú rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú. Ojú rẹ̀ tóbi bí a bá fi wé orí rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ rí róbótó, àyíká ọmọlójú náà sì ní àwọ̀ wúrà tàbí ti ọsàn pípọ́n. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti ta ko ọ̀rọ̀ kan tí ó ti gba ìgboro kan. Àwọn kan ń sọ pé ejò olóró ni ọmọlójú rẹ̀ ń rí gbọọrọ bí ti ológbò, pé orí rẹ̀ sì ń ní igun mẹ́ta, pé èyí tí ọmọlójú rẹ̀ bá rí róbótó kò léwu. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé paramọ́lẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ejò olóró wọn ni òfin yìí ti wá. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn: róbótó ni ọmọlójú sèbé, róbótó ni ti màmbá, orí màmbá sì tẹ́ẹ́rẹ́ láìní igun mẹ́ta kankan. Ẹ gbàgbé òfin yẹn pátápátá.

Àmì dúdú ni ó tẹ̀ lé e. Lára alámì dúdú wa yìí, àwọn àmì náà to ara wọn ní ìlà kúkúrú-kúkúrú tí ó dábùú ẹ̀yìn, wọ́n pọ̀ jù ní ọrùn àti apá iwájú, wọ́n sì ń dín kù bí a ti ń lọ sí ìdí. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ara rẹ̀ dé apá ẹ̀yìn, ẹ óò rí i pé àwọ̀ ewé yẹn ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ìrù sì ń di aláwọ̀ idẹ tàbí eérú. Ejò tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ewé, tí àmì dúdú wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ idẹ, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ sì tóbi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá yọ ahọ́n, ahọ́n náà a máa ní àwọ̀ búlúù, pẹ̀lú dúdú ní ṣóńṣó rẹ̀.

Àwọ̀ nìkan kò tó láé. Oòrùn tí ó ń gba inú ewé kọjá lè sọ ohun gbogbo di aláwọ̀ ewé, òjìji ewé sì lè dà bí àmì dúdú lára ejò tí kò ní ọ̀kankan. Ẹ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n bára mu ni kí ẹ máa dúró dè.

Àwọn tí ó jọ ọ́ tí wọ́n sì lè pa ènìyàn

Màmbá aláwọ̀ ewé ni àkọ́kọ́. Irú méjì ni ó kàn wá. Dendroaspis viridis wà láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé agbègbè Tógò àti Benin. Dendroaspis jamesoni sì wà ní gúúsù Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gùn, wọ́n sì lè kọjá mítà méjì. Orí wọn gùn ju ti ejò wa lọ dáadáa, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi lórí orí gígùn yẹn. Ìpẹ́ ara wọn tóbi, ó gùn, ó sì ń dán. Lára viridis pàápàá, etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan dúdú débi pé gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a da àwọ̀n bò ó. Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ẹ há sórí nìyí: lára màmbá yẹn, dúdú ni ó yí ìpẹ́ ká, lára ejò wa, dúdú jẹ́ àmì tí a tò sórí ẹ̀yìn. Oró màmbá ń kọ lu iṣan ara, ó sì lè dá èémí dúró láàárín wákàtí díẹ̀.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní boomslang, Dispholidus typus, tí òun náà fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dàn. Òun ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, nítorí ojú rẹ̀ tóbi bíi ti ejò wa, kódà ó tóbi jù ú lọ. Akọ rẹ̀ ni ó sábà ń jẹ́ aláwọ̀ ewé, abo rẹ̀ a sì máa jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Orí rẹ̀ kúrú, ó sì yọ bọ̀ǹbọ̀. Ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà tí ó yọ sókè láàárín, nítorí náà ara rẹ̀ kì í dán bí ti màmbá tàbí ti ejò wa, ó máa ń dà bí èyí tí ó rí gbágungbàgun. Oró rẹ̀ ń ba agbára ẹ̀jẹ̀ láti dì jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè hàn.

Àìtètè hàn yẹn ni ó pa Karl Patterson Schmidt, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ nípa ejò tí orúkọ wọn tóbi jù ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, ọgbà ẹranko Lincoln Park ní ìlú Chicago fi ejò kékeré kan ránṣẹ́ sí i kí ó bá wọn dá a mọ̀. Boomslang tí kò tíì dàgbà ni. Ó fi ọwọ́ mú un, ejò náà sì bù ú jẹ ní àtàńpàkò. Nítorí pé ejò náà kéré, ó rò pé kò lè ṣe òun ní nǹkankan tó bẹ́ẹ̀. Kò lọ sí ilé ìwòsàn, ó jókòó, ó ń kọ ohun tí ara rẹ̀ ń rí sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ nípa ejò ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ejò tí ó jọ ẹ̀ka gbígbẹ, Thelotornis kirtlandii, ejò igbó tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ara rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ ewé, eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ lè ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí wọ́n ṣe fún oró rẹ̀. Robert Mertens, onímọ̀ nípa ejò ní Jámánì, ni irú ejò báyìí tí ó ń sìn bù jẹ, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kú ní ọdún 1975.

Ẹ má ṣe fi fífẹ́ ọrùn ṣe ẹ̀rí pé ejò kan kò lóró. Ejò wa ń fẹ́ ọrùn bí a bá há a mọ́, boomslang ń ṣe bẹ́ẹ̀, ejò ẹ̀ka gbígbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a máa kíyè sí nígbà tí a bá ti rí i

Gígun rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ìpẹ́ gbọọrọ tí ó wà ní ikùn rẹ̀ ní etí tí ó yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ti abẹ́ ìrù. Etí yìí ni ó fi ń di èèpo igi mú, kì í ká ara mọ́ igi kí ó tó lè gùn ún. Ìdí nìyí tí ó fi lè gba ara ògiri tí a kò rẹ́ gun òkè tààrà, tí ó ń fi etí ikùn kọ́ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú búlọ́ọ̀kù, tí yóò sì wọ abẹ́ páànù kí ẹni tí ó ń wá igi tó dé.

Ọdẹ rẹ̀ ni ó dùn ún wò jù. Bí ó bá rí ọmọńlé lára ẹ̀ka, á dúró gan-an, orí rẹ̀ nìkan ni á máa súnmọ́ iwájú, tí yóò máa mì díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Ọmọńlé á dúró, á gbé orí sókè, á tún fi ara lélẹ̀. Ejò náà á tún fi ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: orí ejò á ta jáde, ọmọńlé á já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, ìrù náà á bọ́ sórí ewé, á máa jó níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ni ín á sì ti wà lẹ́nu ejò. Ejò yìí kì í fún ẹran rẹ̀ pa bí erè ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oró tí yóò fi pa á. Eyín rẹ̀ tí ó tẹ̀ sẹ́yìn ni ó fi ń dì í mú, tí yóò sì máa gbé ẹnu rìn lórí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì títí yóò fi gbé e mì láàyè. Bí ẹ bá rí i ní irú ipò yìí, ẹ má ṣe súnmọ́ ọn rárá. Ejò tí a bá dẹ́rù bà nígbà tí ó ń jẹun á pọ oúnjẹ náà jáde.

Bí ó bá rí ènìyàn, sísá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yára débi pé ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ mì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí kò bá rí ọ̀nà sá mọ́ ni ó máa ń fẹ́ ọrùn, tí awọ aláwọ̀ búlúù àti dúdú tí ó wà láàárín ìpẹ́ á sì hàn. Á ya ẹnu, á bu ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ jẹ, á sì tún un ṣe. Ẹni tí ó bá rí ìṣe yìí láìmọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè búra pé ejò olóró ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ejò náà fẹ́ kí ó rí.

Abo rẹ̀ ń yé ẹyin mẹ́ta sí méjìlá, ẹyin gbọọrọ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, sínú ihò igi tí ó ní ọ̀rinrin tàbí abẹ́ ewé tí ó ń jẹrà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í sàba. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á yọ, wọn yóò ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23 sí 30, wọn yóò sì ti mọ ọdẹ ṣe láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí ẹ bá ṣèèṣì hú irú ẹyin báyìí jáde níbi tí ẹ ti ń kó ewé, ẹ má ṣe yí i po. Ọmọ inú ẹyin ejò máa ń lẹ̀ mọ́ apá kan èèpo, bí a bá sì dojú ẹyin náà kọ ibòmíràn, ó lè kú. Ẹ fi ewé bò ó padà bí ó ti wà.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bíbọ́ awọ. Kí ejò tó bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, á dà bí ẹni pé omi wàrà wọ inú rẹ̀, kò sì ní ríran dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀. Ejò kò ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé. Ìpẹ́ kan tí ó mọ́ gaara ni ó bo ẹyinjú rẹ̀, èyí pẹ̀lú á sì bá awọ àtijọ́ lọ. Ejò tí ojú rẹ̀ bá ṣú báyìí a máa fara pamọ́, a sì máa tètè bínú.

Bí ó bá wọ inú ilé

Ọmọńlé ni ó lé wọlé. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti àwọn ẹran ọ̀sìn jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn tí ó lọ sí àwọn yàrá yòókù, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí ó lọ síta, kí ẹnì kan sì dúró lókèèrè máa ṣọ́ ibi tí ejò náà wà. Bí ẹ bá ti rí àrídájú gbogbo àmì tí a kà sókè yìí, ẹ lè fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn darí rẹ̀ síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí iyèméjì bá wà, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pa yàrá náà dé, kí ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú ejò.

Kẹrosíìnì, iyọ̀ àti áyù tí a ń dà yí ilé ká kì í lé ejò. Òórùn ilé nìkan ni wọ́n ń bàjẹ́. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a gé ẹ̀ka igi tí ó fara kan òrùlé, kí a fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí a sì dí àwọn ihò tí ó wà láàárín ògiri àti páànù. Ẹ̀rù tí àwọn kan ń bà pé bí a bá pa ọ̀kan, ẹnìkejì rẹ̀ á wá gbẹ̀san, kò ní ìdí kankan, nítorí ejò wọ̀nyí kì í gbé pọ̀ ní tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àti ti sáyẹ́ǹsì kò ti bára mu tí ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n: wọ́n ní ejò tí a bá ti gé lórí ti di okùn, síbẹ̀ orí ejò olóró tí a gé yẹn ṣì lè bu ènìyàn jẹ lẹ́yìn ìgbà tí a ti gé e. Ẹni tí ó bá pa ejò kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀.

Bí ó bá bu ènìyàn jẹ

Ojú ọgbẹ́ ejò wa yìí kò ju kí ara ya wẹ́wẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì jáde. Omi àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí ejò náà dáadáa nígbà tí ó bù ú jẹ? Ẹni tí ejò aláwọ̀ ewé bá bù jẹ, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ọ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún ó kéré tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá gaga. Ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó bù jẹ náà dúró láìmira, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò níbẹ̀, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Bí fọ́tò ejò náà bá wà, ẹ mú un dání fún dókítà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà lọ sí ìdí igi láti lọ yà á. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni fọ́tò yìí, nítorí abẹ́rẹ́ tí ó wà fún oró paramọ́lẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí oró màmbá, abẹ́rẹ́ ti boomslang sì dá dúró fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Bí a ṣe ń kọ ohun tí a rí sílẹ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan á mú kí ojú yín mú ju fọ́tò lọ. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, irú igi, bí ejò náà ti ga tó sí ilẹ̀, ipò ojú ọjọ́, àti ohun tí ó ń ṣe. Fọ́tò mẹ́ta ni ó wúlò fún ẹni tí yóò bá yín dá a mọ̀: ẹ̀gbẹ́ orí tí ojú ti hàn, àárín ẹ̀yìn tí ìpẹ́ ti hàn, àti ìrù. Ẹ lè fi wọ́n sórí ìkànnì iNaturalist, níbi tí àwọn onímọ̀ láti ibi gbogbo ti ń bá ènìyàn yẹ àwòrán wò. Fún ejò tí àwọn ènìyàn máa ń lé láti pa, ó sàn kí ẹ fi ibi tí ẹ ti rí i gan-an pamọ́.

Òkú ejò lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọ̀ ewé ara rẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: ìmọ́lẹ̀ búlúù tí awọ rẹ̀ ń ta padà ni ó pàdé èròjà aláwọ̀ òféèfé, tí a fi ń rí àwọ̀ ewé. Èròjà òféèfé yẹn kì í pẹ́ lẹ́yìn ikú, pàápàá bí a bá kó òkú náà sínú ọtí líle tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹranko, ejò tí ó jẹ́ ewé á sì di búlúù. Ẹni tí ó bá rí ejò búlúù nínú ìgò ní yàrá ẹ̀kọ́ ilé ìwé kan, kí ó wo ìpẹ́, ojú àti àmì dúdú rẹ̀ kí ó tó gbà pé irú tuntun ni.

Awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ náà wúlò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pátákó, ẹ ka ìlà ìpẹ́ ní àárín ara láti ẹ̀gbẹ́ kan ikùn yí ẹ̀yìn ká dé ẹ̀gbẹ́ kejì, láìka ìpẹ́ gbọọrọ ti ikùn mọ́ ọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ti ejò wa. Bí ó bá tó mọ́kàndínlógún, tí ìlà sì yọ láàárín ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, boomslang ni kí ẹ fura sí. Ṣùgbọ́n lára Dendroaspis jamesoni, iye yìí lè jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wo bí ìpẹ́ náà ti gùn tó kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì wá etí tí ó yọ lára ìpẹ́ ikùn. Bí ẹ bá fẹ́ wọn gígùn ejò náà láti ara awọ tí ó bọ́, ẹ rántí pé awọ máa ń nà nígbà tí ejò bá ń bọ́ ọ. Gígùn tí ẹ bá rí lórí pátákó á ju ti ejò fúnra rẹ̀ lọ, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.